Imú ọmọ mi dí, báàmù ò ran án

Ìyá Àdìó: Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ìyá. Ayé sú mi. Láti ijẹta ni imú ọmọ mi ti dí. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa fi báàmù pa á láyà, kí n sì fi díẹ̀ sí i nímú. Kò lọ. Láàárọ̀ yìí, nọ́ọ̀sì kan jágbe mọ́ mi lójú èrò nítorí òórùn báàmù, àfi bí ẹni pé mo jalè. Inú bí mi, mo gbé ọmọ mi, mo bá tèmi lọ. Báàmù wo ló lágbára ju èyí lọ?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́. Àdín ni mo fi pa tèmi. Ìgbà tí Kẹ́hìndé ń wúkọ́, a ò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta.

Bàbá Ṣadé: Báàmù kì í ṣí imú. Mẹ́ńtọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ń tan iṣan tó ń mọ òtútù jẹ ni: èèyàn á rò pé atẹ́gùn ń wọlé, imú ṣì dí bó ṣe dí. Àgbà tí orúnkún ń ro ló wà fún. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, èémí rẹ̀ lè sé lójijì. Oṣù mélòó ni?

Ìyá Ìbejì: Bàbá Ṣadé, ẹ ti pọn ọmọ rí? Báàmù la fi tọ́ gbogbo wọn.

Ìyá Àdìó: Ìyá ọkọ mi tọ́ ọmọ méje, ẹnu mi ò gbà á láti ta kò wọ́n. Kò ta ọmọ lára, kò tilẹ̀ sunkún mọ́, oorun ló ń sùn ṣáá, kì í fẹ́ mu ọyàn. Àná la sọ ọ́ lórúkọ, gbogbo èèyàn ló ń yìn ín pé ó pọ́n. Àní ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ìyá Àdìó, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù báyìí! Ibà pọ́njúpọ́njú nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, pàápàá ọkùnrin, ni ẹ̀jẹ̀ wọn ò ní G6PD tó, èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè fọ́. Láti 1980 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ ọ́ jáde pé mẹ́ńtọ́ọ̀lù léwu fún irú wọn. Káńfọ̀ inú aṣọ náà ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí ibà pọ́njúpọ́njú yìí bá wọ ọpọlọ, ó lè sọ ọmọ di adití. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má fún un ní omi gúlúkóòsì.

Ìyá Àdìó: Yéè! Àpótí oníkáńfọ̀ ni wọ́n ti kó aṣọ ìkókó rẹ̀ wá. Ọkọ mi ti ń gbé ọkọ̀ jáde.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ bọ́ aṣọ náà kúrò lára rẹ̀, ẹ fi ìró yín tó mọ́ wé e. Ẹ mú báàmù náà dání.