Ẹni tó ń wòran: eré, ọ̀dà àti oore lórí ọ̀rọ̀ ìfìtínà nílé ẹ̀kọ́

Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan níbí fẹ́ mọ ohun tí a lè ṣe sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń fìtínà ara wọn. Àwọn àgbà ń gba owó oúnjẹ àwọn kékeré, wọ́n ń sọ wọ́n ní orúkọ burúkú, wọ́n sì ń lù wọ́n lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi tí olùkọ́ kì í dé. Pàṣán àti ìkìlọ̀ lórí àsẹ́ńbìlì kò mú un dínkù. Ẹnìkan dábàá pé kí a kun ògiri, kí àwọn ọmọ sì ṣeré. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ ti rí nínú rẹ̀: iye ọmọ, iye ọ̀dà, ibi tó ti máa ń bàjẹ́.

Bàbá Eléré, Òǹdó

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ìbejì. Eré tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ máa ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí kò dára. Ọmọ burúkú lu ọmọ dáadáa, ọ̀gá dé, ọ̀gá na ọmọ burúkú, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ohun tí ọmọ ń kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó lágbára jù ló ń borí, bẹ́ẹ̀ ohun tí afìtínà gbà gbọ́ náà nìyẹn.

Eré tó wúlò ni irú èyí tí Augusto Boal, onítíátà ọmọ ilẹ̀ Brazil, gbé kalẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1979. Ẹ ó ṣe é dé ibi tó ti burú jù, ẹ ó sì dá a dúró láìparí rẹ̀. Ẹ ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń wòran lè ké pé "Dúró!", kí ó bọ́ sójú agbo, kí ó gba ipò ọ̀kan nínú àwọn òṣèré, kí ó sì fi ara rẹ̀ ṣe ohun tó rò pé ó yẹ. Àwọn òṣèré yòókù yóò dá a lóhùn bí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń ṣe gan-an.

Ọmọ 25 sí 40 ló dára. Bí ẹ bá kó 150 sínú gbọ̀ngàn, ó di àríyá. Òṣèré 6 ti tó: afìtínà, ẹni tó ń tẹ̀lé e kiri, ẹni tí wọ́n ń fìtínà, òǹwòran 2 nínú ìtàn náà, àti àgbàlagbà kan tó ń kọjá lọ. Eré náà kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Pírẹ́ọ́dù 2, ìyẹn ìṣẹ́jú 80, ni ẹ nílò: 15 fún eré ìdárayá tí yóò tú ara wọn ká, 5 fún eré, 5 kí wọ́n sọ̀rọ̀ ní méjì-méjì, 40 fún àtúnṣe, 15 fún ìtura níkẹyìn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìṣẹ́jú 15 ìkẹyìn yẹn lọ́wọ́ yín.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ipò afìtínà. Bí ọmọ kan bá gba ipò yẹn tó sì sọ pé òun ti yí padà, ọ̀rọ̀ ti tán, kò sí ohun tí a kọ́. Ipò àwọn òǹwòran ni kí ẹ tì wọ́n sí jù. Ìgbà àkọ́kọ́, ìjà ni wọ́n máa ń dán wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dán an wò, kí wọ́n rí i pé ẹni tó ń tẹ̀lé afìtínà dìde, ọ̀rọ̀ sì le sí i. Lẹ́yìn náà ni ọgbọ́n tòótọ́ máa ń jáde: ẹnìkan lọ dúró ti ọmọ náà láìsọ ohunkóhun, ẹnìkan ní "Wọ́n ń pè ọ́ ní láíbìrì", ó sì fà á lọ, ẹnìkan kọ̀, kò rẹ́rìn-ín. Bí ìdáhùn bá dà bí idán, bíi kí ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ sójà yọ lójijì, kí adarí eré bi gbogbo ilé pé: "Ṣé èyí lè ṣẹlẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ yìí?" Àwọn ọmọ fúnra wọn ni yóò ní rárá.

Kò sí lílù nínú eré náà. Àtẹ́wọ́ kan ni kí ó dúró fún ẹ̀ṣẹ́ kan.

Níbo ni ìtàn yóò ti wá? Kì í ṣe láti ara ọmọ kan. Ẹ pa ìṣẹ̀lẹ̀ 3 tàbí 4 pọ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ di àlọ́. Erin kò jẹ́ kí ẹranko kékeré mu omi lódò, Ìkookò ń bá a rẹ́rìn-ín, Àgbọ̀nrín àti Ọ̀bọ dúró, wọ́n ń wò. Lẹ́yìn "Ààlọ́ o!", ọmọ lè sọ ohun tí kò lè sọ bí ẹ bá dárúkọ kíláàsì rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń fìtínà ní tòótọ́ kò gbọdọ̀ ṣe ipò ara rẹ̀, nítorí ìtìjú rẹ̀ di ìran lẹ́ẹ̀kejì. Afìtínà kò sì gbọdọ̀ ṣe Erin, torí ẹ ti fún un ní ìtàgé àti àtẹ́wọ́ nìyẹn. Ipò òǹwòran ni kí ẹ fún un, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń mọ ipò náà ṣe dáadáa.

Kí ẹ tó tú ká, kí òṣèré kọ̀ọ̀kan bọ́ fìlà tàbí gèlè ipò rẹ̀, kí ó ní: "Èmi kì í ṣe Erin mọ́, orúkọ mi ni báyìí-báyìí." Bí ẹ bá fo èyí, Erin yóò di orúkọ ọmọ náà títí táàmù yóò fi parí.

Àǹtí Olùkọ́, Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun, Bàbá. Àwọn ọmọ SS 2 ńkọ́? Wọ́n á ní ọmọdé ni àlọ́ wà fún.

Bàbá Eléré, Òǹdó

Òótọ́ ni, Àǹtí. Fún àwọn yẹn, ẹ lo ẹgbẹ́ WhatsApp kíláàsì. Ẹnìkan gbé fọ́tò ọmọ kan síbẹ̀, àwọn yòókù ń fi rẹ́rìn-ín. Ẹ gé páálí bíi fóònù fún òṣèré kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ojú sí àwùjọ, kí wọ́n máa ka ohun tí wọ́n ń tẹ̀ sókè ketekete. Nígbà tí ọmọ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láti ẹnu èèyàn, ara rẹ̀ á bù máṣọ. Ibi tí ẹ ó ti dá a dúró ni ibi tí ẹnìkan fẹ́ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn.

Akunlé, Àkúrẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Èmi yóò sọ ti ògiri.

Ẹ mú ògiri tó gùn ní mítà 6, tó ga ní mítà 2.4. Ọmọ 8 lè dúró níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí kálukú ní sẹ̀ǹtímítà 75. Bí wọ́n bá jẹ́ 40, ẹ pín wọn sí ọ̀nà 5, ìṣẹ́jú 45 fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kó gbogbo wọn débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn alágbára yóò gba búrọ́ọ̀ṣì, àwọn tí wọ́n ń fìtínà yóò máa fọ ike. Ohun tí ẹ ń bá jà gan-an ni ẹ tún dá sílẹ̀ yẹn.

Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 28 ó kéré tán, torí iyọ̀ inú síméńtì máa ń tú ọ̀dà. Bí ọ̀dà àtijọ́ bá jẹ́ olóròóró, kí àwọn ọmọ má ṣe fi sáńpépà gbígbẹ há a. Òjé lè wà nínú irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, eruku rẹ̀ sì léwu fún ọpọlọ ọmọ. Àgbàlagbà ni kí ó fi omi há a nígbà tí ọmọ kò sí nítòsí. Ọ̀dà olómi, ìyẹn ẹ̀múlíṣọ̀n, nìkan ni kí ẹ lò.

Lórí ògiri tí kò dán, lítà kan kò ju mítà 7 tàbí 8 níbùú-lóòró lọ. Ògiri yín jẹ́ 14.4 (mítà 6 lọ́nà 2.4), ẹ ó sì fi funfun kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà gálọ́ọ̀nù onílítà 4 kan lọ síbẹ̀. Ẹ ra 2, ìkejì wà fún pípò. Ẹ ra pupa, yẹ́lò, búlúù àti dúdú ní lítà kọ̀ọ̀kan, ìyókù ẹ ó pò ó. Yẹ́lò kì í bo nǹkan mọ́lẹ̀, torí náà ojú funfun ni kí ẹ fi í sí. Ẹ kun sẹ̀ǹtímítà 60 ìsàlẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀, nítorí òjò Àkúrẹ́ yóò ta ẹrẹ̀ bá a, àwòrán kankan kò níí pẹ́ níbẹ̀. Àgbàlagbà ni yóò gun àkàbà.

Ẹ ya àwòrán náà sórí ìwé tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 24, ẹ pín in sí ojú sẹ̀ǹtímítà 3-3. Ẹ fi okùn àti ẹfun pín ògiri sí ojú sẹ̀ǹtímítà 30-30. Ẹ ó ní ojú 160 ní ìhà méjèèjì, ẹni tí kò mọ àwòrán yà náà lè kó ti ojú kan sí òmíràn.

Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí. Ẹ so ọmọ JSS 1 mọ́ ọmọ SS 2 ní méjì-méjì, kí ẹ má so afìtínà mọ́ ẹni tí wọ́n ń fìtínà. Ike kan àti àwọ̀ kan ṣoṣo ni kí méjì kọ̀ọ̀kan ní. Bí wọ́n bá nílò búlúù, wọ́n gbọ́dọ̀ lọ bẹ àwọn tó ní i. Elliot Aronson, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, lo irú èrò yìí nínú kíláàsì ní Austin, ní Texas, lọ́dún 1971, nígbà tí ọmọ dúdú àti funfun ń bá ara wọn jà: ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀yà kan nínú ẹ̀kọ́, kò sì sí ẹni tó lè mọ ẹ̀kọ́ náà tán láìgbọ́ ti ẹlòmíràn.

Ẹ má ya ọmọ tó ń sunkún. Kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi fún un ní orúkọ ẹnìkan. Ẹ ya ohun tí òǹwòran lè ṣe. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú èrò tirẹ̀ wá lórí ìlàrin ìwé, kí wọ́n sì fi ẹ̀wà dìbò sínú ike tí a bo ojú rẹ̀. Ẹ pa díẹ̀ mọ́ nínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹnìkan yóò kọ èébú sí ògiri náà. Ọjọ́ náà gan-an ni kí àwọn tó ni ojú yẹn kùn ún padà.

Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́

Ọlọ́run yóò san án fún yín. Àwọn kan tún ní kí ọmọ máa kọ ọ̀rọ̀ dáadáa fún ara wọn. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Olùdámọ̀ràn, Òǹdó

Ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹ bá tò ó dáadáa, Ìyá wa. Bí ẹ bá ní kí wọ́n kọ sí ẹni tó wù wọ́n, ẹni tí gbogbo ayé fẹ́ràn yóò gba ìwé 20, ọmọ tí kò sẹ́ni tó ń bá a ṣọ̀rẹ́ yóò jókòó lọ́wọ́ òfo níwájú gbogbo wọn. Kí wọ́n ṣẹ́ gègé orúkọ, kí kálukú gba ẹyọ kan, kí kálukú kọ ẹyọ kan. Ohun tí wọ́n fi ojú rí ni kí wọ́n kọ: "O yá mi ní bírò lọ́jọ́ ìdánwò." "O dára" lásán kò ní ìtumọ̀. Kí àgbàlagbà ka gbogbo rẹ̀ kí ó tó pín in. Ìṣẹ́jú 10 lọ́jọ́ Ẹtì, fún ọ̀sẹ̀ 6, ju àríyá ọjọ́ kan lọ.

Ẹ má fipá mú ọmọ tọrọ àforíjì lójú agbo, ẹ má sì pe àwọn méjèèjì jókòó kí wọ́n "parí ìjà". Dan Olweus, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Norway, ti fi hàn pé ìfìtínà yàtọ̀ sí ìjà: ó ń tún ṣẹlẹ̀, ẹnìkan sì lágbára ju ẹnìkejì lọ. Ẹni tí kò lágbára yóò gba ohunkóhun ní iwájú ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tí wọ́n ń fìtínà lákọ̀ọ́kọ́.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, ẹ ya ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà sórí ìwé, kí gbogbo ọmọ fi àmì sí ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wọ́n láìkọ orúkọ. Ẹ ó rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn níbẹ̀, ẹ ó tún rí ibi tí ẹ kò fọkàn sí. Ẹ fi olùkọ́ síbẹ̀ nígbà ìsinmi ráńpẹ́. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 àti ní ìparí táàmù. Àpótí ìròyìn dára pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí gbogbo ọmọ máa ju ìwé sínú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ì báà jẹ́ òfìfo, kí a má baà mọ ẹni tó fẹjọ́ sùn. Ẹ ṣí i lọ́jọ́ náà. Ìròyìn lè pọ̀ sí i ní oṣù àkọ́kọ́. Ẹ má bẹ̀rù, ó fi hàn pé wọ́n ti gbà pé ẹ ń gbọ́.

Ẹ má ṣèlérí fún ọmọ pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ọgbẹ́, ohun ìjà tàbí ìbálòpọ̀ tipátipá bá wà nínú rẹ̀, ẹ gbé ọ̀dà kúrò nílẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, òbí, ilé ìwòsàn àti àwọn aláṣẹ ni kí ẹ pè, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003 sì wà fún irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ìyá Aláró, Òǹdó

Kí ẹ má gbàgbé aṣọ àdìrẹ o, nítorí ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní ògiri tó dára. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sórí aṣọ òwú funfun tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 níbùú àti lóòró. Ẹ fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí ẹ̀kọ náà kí ó má baà kan. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ dénú kí ẹ tó rẹ ẹ́, aró tútù sì ni, torí èyí tó gbóná yóò tú ẹ̀kọ. Kọ́sítíìkì sódà inú aró òde òní ń jó ọwọ́ àti ojú, nítorí náà àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìkòkò. Aṣọ 36 tí ẹ bá rán pọ̀ ní 6 lọ́nà 6 yóò di aṣọ ìkélé ńlá kan.

Akunlé, Àkúrẹ́

Ìyá Ìbejì, nípa àsìkò: UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ya Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá sọ́tọ̀ fún gbígbógun ti ìwà ipá àti ìfìtínà nílé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ yẹn dára fún eré Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ má kun ògiri de ọjọ́ náà, òjò lè ṣì máa rọ̀ lóṣù kẹwàá. Ẹ kùn ún lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ìdánwò táàmù àkọ́kọ́ tó wọlé, kí ẹ sì máa bẹ̀rẹ̀ láago 8 àárọ̀ kí oòrùn tó kọjú sí ibẹ̀.