Ìmọ̀ràn kíákíá: ta ni ó lè kọ́ ọmọ mi ní àsìkò ọ̀rọ̀-ìṣe (tense) Gẹ̀ẹ́sì ní Àkúrẹ́?

Ìyá Ayọ̀
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ mi gbé àròkọ rẹ̀ wálé lánàá, bíírò pupa sì ti gba gbogbo ojú ewé náà. Ohun tí olùkọ́ kọ sí ìsàlẹ̀ ni pé kò mọ àsìkò ọ̀rọ̀-ìṣe lò rárá. Ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ta ni ẹ mọ̀ ní Àkúrẹ́ níbí tí ó lè ràn án lọ́wọ́ kí ó tó pẹ́ jù? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Ará Ọ̀bà-Ilé
Ìyá Ayọ̀, ẹ kò sọ kíláàsì tí ọmọ wà, ẹ kò sì sọ ìdánwò tí ó fẹ́ ṣe. Bí ó bá jẹ́ JAMB ni, kò sí àròkọ níbẹ̀. Ìbéèrè 60 ni wọn yóò bi í ní Gẹ̀ẹ́sì, ìdáhùn ni yóò kàn máa yàn. Bí ó bá jẹ́ WAEC, àròkọ ni kí ẹ tètè bójú tó, nítorí máàkì 10 wà níbẹ̀ fún gírámà, sípẹ́lì àti àmì ìkọ̀wé, ìdajì máàkì ni wọ́n sì ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe 20 ti tó láti kó máàkì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ. Tíṣà tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn ilé epo tí ó wà lọ́nà tiwa yìí dára. Gbogbo ẹni tí ó ń gba Ọ̀bà-Ilé kọjá ni ó mọ ibẹ̀.

Màmá Ìbejì, Arákalẹ̀
Ẹ má tètè sanwó fún ẹnikẹ́ni o. Lọ́dún tí ó kọjá, mo mú àbúrò mi lọ sí ibi lẹ́sìnnì kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n gba owó oṣù méjì pọ̀ lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n kọ "go, went, gone; eat, ate, eaten" sára pátákó lọ; àwọn ọmọ yóò dà á kọ, wọn yóò sì jọ máa kà á bí ẹni ń kí oríkì. Ìwé àjákọ méjì ni àbúrò mi fi kọ ọ́ kún. Lọ́jọ́ kan, mo tètè dé láti wá mú un lọ sílé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì fi etí ara mi gbọ́ tí tíṣà bi ọmọ kan pé, "Did you went to school yesterday?" Ara mi bù máṣọ. Mo béèrè owó oṣù kejì, wọn kò dá kọ́bọ̀ padà. Nígbà tí ọmọ jókòó sí ìdánwò, ó mọ "went", ó mọ "gone", ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí a ti ń lo èyíkéyìí nínú wọn.

Ọmọ Ìsìkàn
Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe ilé alájà kan tí wọ́n kun ní àwọ̀ ewé yẹn ni? Ohun tí ó ṣe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìyẹn gẹ́lẹ́, kódà wọ́n tún gba owó ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Ṣadé
Ẹ dárúkọ wọn kí àwọn ẹlòmíràn má baà bọ́ sínú ọ̀fìn kan náà.

Alábòójútó
A kì í dárúkọ ilé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni síbí lórí ẹ̀sùn tí a kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ohun tí Ìyá Ayọ̀ béèrè.

Ará Ọ̀bà-Ilé
Kì í ṣe gbogbo tíṣà lẹ́sìnnì ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí mo dárúkọ ibi tí ó wà kì í gba owó oṣù méjì pọ̀.

Màmá Ìbejì, Arákalẹ̀
N kò bá ẹni tiyín wí. Ohun tí ojú mi rí ni mo sọ, owó tí mo sì san, mo fi òógùn wá a ni.

Fúnmi, Òkè-Àró
Ọ̀rọ̀ ẹnu náà ṣe pàtàkì o. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé "ed" tí a ń fi sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe kì í dún bákan náà níbi gbogbo. Ní ìparí "walked", "t" ni a ń gbọ́. Ní "called", "d" ni. Ní "wanted", ó di ìró kan tí ó dá dúró. "Read" ní tirẹ̀ kì í yí padà nínú ìwé, ẹnu ni a fi ń mọ èyí tí ó jẹ́ ti àná.

Ìyá Ayọ̀
Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ti ẹnu kọ́ ni mo wá bá yín fún. WAEC ni, ó wà ní SS3. Mo ti ka ọ̀rọ̀ Màmá Ìbejì lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rù ti wá ń bà mí láti sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ohun tí ó kọ nípa èmi ìyá rẹ̀: "My mother is selling pepper at Oja Oba since I was born. Yesterday she has gone to Ondo and buy two basket." Lójú tèmi tí mo kà á, kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀.

Olùkọ́ Àfẹ̀yìntì, Òǹdó
Ìyá Ayọ̀, mo kí yín. Ọdún 21 ni mo fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì ti rí irú gbólóhùn méjì yìí ju iye tí mo lè kà lọ. Ọmọ yín kì í ṣe olódo. Yorùbá ni ó ń gbọ́ nínú orí rẹ̀ bí ó ti ń kọ̀wé, kò sì tíì gbọ́ ọ tán.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í yí ara padà. "Lọ" ni lánàá, "lọ" ni lónìí, "lọ" náà ni lọ́la. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó ń sọ bóyá nǹkan ti parí tàbí ó ṣì ń lọ lọ́wọ́. Bí mo bá ní "Ìyá mi ń ta ata", ó lè jẹ́ pé ó jókòó ti ata báyìí, ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ tí ó fi ń jẹun nìyẹn. "Ń" kan ṣoṣo ni ó ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì yà wọ́n sọ́tọ̀: "is selling" ni ti ìsinsìnyìí, "sells" ni ti iṣẹ́. Àmọ́ ọmọ yín fi "since I was born" kún un, nítorí náà kò sí èyí tí ó tọ́ nínú méjèèjì. Ẹ ní kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá geere, yóò ní: "Ìyá mi ti ń ta ata láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi." Ṣé ẹ gbọ́ "ti ń" yẹn? Òun gan-an ni "has been selling". Ọmọ náà gbọ́ "ń", kò gbọ́ "ti" tí ó wà níwájú rẹ̀.

Ní gbólóhùn kejì, "ti" náà ni ó wá ṣì í lọ́nà. "Ó ti lọ sí Òǹdó lánàá" kò lábùkù lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n bí Gẹ̀ẹ́sì bá ti dárúkọ ọjọ́ kan tí ó ti kọjá bíi "yesterday", "has gone" kò lè bá a gbé. "Yesterday she went to Ondo and bought two baskets" ni. "Bought" gbọ́dọ̀ tẹ̀lé "went" nítorí pé àná kan náà ni méjèèjì ṣẹlẹ̀. Ní Yorùbá, "lọ" àti "rà" kò ní ìyọnu yẹn.

Ibòmíràn wà tí Yorùbá ti ràn wá lọ́wọ́. A máa ń ní, "Nígbà tí ó bá dé, n óò sọ fún un." "Bá" ni ó wà lẹ́yìn "nígbà tí", kì í ṣe "yóò". Bákan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe: "When he comes, I will tell him." Ọmọ tí ó kọ "When he will come" kò tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì, kò sì tẹ̀lé ìyá rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ wá ẹni tí ó gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa, kí ó máa tún gbólóhùn tí ọmọ fúnra rẹ̀ kọ ṣe. Ẹ béèrè ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì jáde ní Adéyẹmí, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Òǹdó níbí.

Bàbá Ṣadé
Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Bàbá Olùkọ́, Yorùbá inú ilé ni ó fa gbogbo èyí. Láti ọjọ́ tí mo ti ní kí ẹnikẹ́ni má sọ Yorùbá nílé mi mọ́, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ mi ti já gaara.

Ọmọ Ìsìkàn
Ẹ̀gbọ́n, n kò fara mọ́ ọn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifáfitì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ ní èdè Yorùbá fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró bí iṣẹ́ kan lábẹ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ tí kò mọ iṣẹ́ ni ìṣòro wa.

Bàbá Ṣadé
Ohun tí mo rí nílé mi ni mo ń sọ. Ọmọ SS3 kò ní ọdún mẹ́fà mọ́.

Ìyá Ayọ̀
Ẹ ṣeun gidigidi. Mo ti rí ẹnì kan. Àgùnbánirọ̀ kan wà nínú àgbàlá tí a ń gbé, ará Benue ni, Gẹ̀ẹ́sì ni ó kà ní ifáfitì. Kò gbọ́ Yorùbá rárá, mo sì mọ̀ pé ìyẹn lòdì sí ohun tí Bàbá Olùkọ́ sọ, ṣùgbọ́n n kì í dé láti Ọjà Ọba kí ilẹ̀ tó ṣú, n kò sì fẹ́ kí ọmọ máa wọ ọ̀kadà lálẹ́. Níwájú ilẹ̀kùn mi ni wọn yóò ti máa ṣe é. Ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àgùnbánirọ̀ náà ní kí ọmọ kọ gbólóhùn mẹ́wàá nípa ohun tí ó ṣe láti àárọ̀, ó sì fa ìlà pupa sí mẹ́fà nídìí.

Màmá Ìbejì, Arákalẹ̀
Ẹ má san ju ti ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́ẹ̀kan o.

Olùkọ́ Àfẹ̀yìntì, Òǹdó
Ẹ fi gbólóhùn mẹ́fà náà ránṣẹ́ síbí. N óò kọ Yorùbá kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó lè gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ kéékèèké wọ̀nyẹn wà.