Dókítà ní ó ti dé oríta gbòǹgbò eyín mi, àmọ́ kò dùn mí o

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo lọ fọ eyín lánàá, dókítà bá ti irin kan tó tẹ̀ bíi ìwọ̀ bọ ẹ̀gbẹ́ eyín èrìgì mi nísàlẹ̀, ó ń pe nọ́ńbà fún nọ́ọ̀sì, ló bá ní àìsàn ẹran ìdí eyín ti dé oríta gbòǹgbò, pé "grade 2" ni. Eyín ọ̀hún ò dùn mí rárá, kì í ṣẹ̀jẹ̀, mi ò sì rí nǹkan kan nínú X-ray tó fi hàn mí. Ṣé kí n gbà á gbọ́ ni àbí kí n wá dókítà míì?

Èsì 1:
Ẹ má wo ti pé kò dùn yín o, àìsàn yìí kì í sábà dùn èèyàn títí eyín á fi máa mì. Eyín èrìgì ìsàlẹ̀ sábà máa ń ní gbòǹgbò 2, tòkè 3, tí àìsàn yìí bá ti jẹ egungun dé ibi tí wọ́n ti yà, ihò ti ṣí síbẹ̀ nìyẹn, búrọ́ọ̀ṣì ò sì lè débẹ̀. Irin gbọọrọ tí wọ́n fi ń wọn àpò ẹran eyín ò lè yà wọbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo èyí tó tẹ̀, Nabers probe. Tó bá wọlé tí ò tó mìlímítà 3, grade 1, tó bá jù bẹ́ẹ̀ àmọ́ tí ò yọ lódìkejì, 2, tó bá yọ pẹ́ú, 3 nìyẹn.

Èsì 2:
X-ray pẹlẹbẹ ni jàre, ó lè má fi ihò yẹn hàn, irin tó wọ ihò ni mo gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n wò ó bóyá eyín yẹn ṣì wà láàyè? Tèmi, wọ́n ní ẹran ìdí eyín ni, àṣé eyín fúnra ẹ̀ ló ti kú, ọyún inú ẹ̀ ló ń gba oríta yẹn jáde. Dókítà kejì fi òwú tó tutù bíi yìnyín kàn án, mi ò mọ nǹkan kan lára. Rúùtù kánààlì ni wọ́n ṣe, ìyẹn ni pé wọ́n fọ inú gbòǹgbò eyín náà, wọ́n sì dí i, ihò oríta yẹn náà sì dí.

Olùbéèrè:
Háà, wọ́n fi òwú tútù kan tèmi náà o, mo fò lórí àga, ó ṣì wà láàyè nìyẹn! Àmọ́ mo máa ń mu sìgá, ṣé ó kàn án?

Èsì 1:
Ó kàn án gan-an! Sìgá kì í jẹ́ kí ẹran eyín ṣẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ, òun ló ń bò ó mọ́ yín lójú. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà yẹn.