Àtúnṣe wo ló yẹ kó ṣáájú kí ọkọ̀ onígbòkun tó ṣíkọ̀?

Arìnnàòkun: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin atukọ̀. Mo ra àlòkù ọkọ̀ onígbòkun kan tí wọ́n fi fáíbà ṣe, mo sì fẹ́ fi la òkun kọjá. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, ìrọ̀gbọ̀kú inú rẹ̀ ti gbó, wáyà tó di òpó rẹ̀ mú sì ti pẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń dán. Owó ọwọ́ mi kò ká gbogbo rẹ̀. Èwo ni kí n kọ́kọ́ mójú tó, èwo ló sì lè dúró?

Àgbà Atukọ̀: Ẹ jẹ́ kí ọ̀dà àti ìrọ̀gbọ̀kú dúró ná, nítorí kò sí èyí tó lè mú ọkọ̀ rì nínú wọn. Gbogbo ihò tí wọ́n lu sí ara ọkọ̀ nísàlẹ̀ ibi tí omi mọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ìyẹn ibi tí omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára ń gbà wọlé àti ibi tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń gbà jáde. Ọwọ́ lásán gbọ́dọ̀ lè ṣí fáàfù kọ̀ọ̀kan tó ń dí àwọn ihò wọ̀nyí, kó sì lè tì í. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ara rẹ̀ díẹ̀: bí ibẹ̀ bá pọ́n bíi bàbà tó sì ń rún, idẹ tí wọ́n fi síǹkì lú ni, omi iyọ̀ ti jẹ síǹkì náà tán, bàbà tó dà bíi kànìnkànìn ló kù. Èyí tí wọ́n fi tánńganran lú ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Kílíìpù méjì ni kó wà lẹ́nu rọ́bà omi kọ̀ọ̀kan tó so mọ́ fáàfù, kí ẹ sì fi okùn so igi ṣóńṣó tó bá ihò náà mu mọ́ ẹ̀gbẹ́ fáàfù, kó lè wà nítòsí bí rọ́bà bá já lóru.

Alókùn: Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀yin àgbà, ṣùgbọ́n èmi kò ní fi òpó ọkọ̀ sí ipò kejì. Dídán tí wáyà ń dán kò fi nǹkan kan hàn, nítorí irin tí wọ́n ní kì í dógùn-ún pàápàá máa ń jẹrà níbi tí omi iyọ̀ bá sé mọ́ tí afẹ́fẹ́ kò dé. Ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ibi tí wáyà ti wọ inú orí irin rẹ̀, pàápàá ti ìsàlẹ̀ tí omi ń ṣàn sí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìwé ìnujú nu wáyà náà látòkè délẹ̀. Fọ́nrán tó bá ti já yóò fà á ya. Bí ẹyọ fọ́nrán kan péré bá ti já, ó tó kí ẹ pààrọ̀ wáyà náà. Bí ẹ kò bá mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ọdún 10 ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fi ṣe òdiwọ̀n ìgbà tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ wáyà.

Máṣekánjú: Kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan dísù, epo tí ẹ́ńjìnnì ń lò. Omi àti ìdọ̀tí máa ń silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ táǹkì ọkọ̀ tó ti pẹ́ lójú kan. Ìgbì ni yóò rú u sókè, asẹ́ á dí, ẹ́ńjìnnì á sì kú lẹ́nu ọ̀nà èbúté gan-an. Ẹ fa táǹkì náà gbẹ. Bí ẹ bá ṣe gbogbo rẹ̀ tán, ẹ kọ́kọ́ tù ú nítòsí etíkun nínú afẹ́fẹ́ tó le, nítorí ọkọ̀ tó gbẹ táútáú ní èbúté lè máa jò bó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Arìnnàòkun: Ẹ ṣeun gan-an. Fáàfù méjì ni kò yí rárá. Ṣé mo lè pààrọ̀ wọn láìgbé ọkọ̀ kúrò lómi?

Àgbà Atukọ̀: Ẹ má dán an wò, ẹ gbé e gorí ilẹ̀. Bó bá ti wà níbẹ̀, ẹ di ìtọ́kọ̀ mú, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń mì jù nínú ihò rẹ̀, ẹ tún un ṣe pọ̀ mọ́ fáàfù, kí ẹ má baà sanwó gbígbé ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.