Ìgò bíà tó bú ní gáréèjì mi

Ẹ̀yin ará tí ẹ̀ ń pọn bíà nílé, mo ti ka ìtàn àṣìṣe tiyín, mo ti rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ tèmi.

Houston ni mò ń gbé. Ìtàn Ken Grossman ló kó sí mi lórí, ẹni tí òun àti Paul Camusi dá ilé-iṣẹ́ bíà Sierra Nevada sílẹ̀ ní Chico, California, lọ́dún 1979. Ọ̀gbẹ́ni yìí ti tún kẹ̀kẹ́ ṣe rí, ó sì ti ṣí ìsọ̀ tó ń ta èlò ìpọntí. Kò rówó ra ẹ̀rọ tuntun, ló bá lọ ń ṣa ọpọ́n irin tí wọ́n ti fi ṣe wàrà màlúù rí, ó ń jó wọn pọ̀ fúnra rẹ̀. Oṣù kọkànlá 1980 ni wọ́n pọn àkọ́kọ́. Pale Ale, bíà tó sọ wọ́n di olókìkí yìí, ó dà á nù léraléra nítorí pé adùn tòní kò bá tàná mu.

Ibi ìdànù yẹn ni mo fò kọjá nígbà tí mò ń kà á.

Ṣebí ìyá mi ló ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ládùúgbò wa? Bí wọ́n ṣe ń rẹ àgbàdo, tí wọ́n ń bò ó títí á fi hù, tí wọ́n á sá a, tí wọ́n á lọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà kọ́ ni báálì, ọkà tí wọ́n fi ń pọn bíà, ni? Mo ní mo ti mọ̀ ọ́n.

Mo pọn bíà tèmi, ìsọmọlórúkọ ọ̀rẹ́ mi tí mo fẹ́ gbé e lọ sì kù dẹ̀dẹ̀. Ìwúkàrà ṣì ń hó wùrùwùrù nínú ike, mo rọ ọ́ sínú ìgò 48, mo fojú wọn ṣúgà sí i, mo dé e pa.

Aago méjì òru: gbàù! Gbàù! Ìyàwó mi ti wọ́ àwọn ọmọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rò pé ìbọn ni. Mo ṣílẹ̀kùn gáréèjì: àfọ́kù ìgò há sára àjà, bíà ń ro tó, tó, tó, sórí àpò èlùbọ́ tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Ṣakí.

Mo pe ìyá mi nílé. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn.

"Ọtí tó ń hó, ìwọ dé e lẹ́nu. Ta ló kọ́ ẹ?"

Àwọn tí kò tíì bú ńkọ́? Kóòtù òtútù, ìbọ̀wọ́ àti àṣíborí alùpùpù ni mo wọ̀ láti ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ooru oṣù kẹjọ. Aládùúgbò mi kan dúró ní ọgbà rẹ̀ ó ń wò mí, kò sọ nǹkan kan.

Mo ti ń múra àtipọn òmíràn. Ìyàwó mi ní kí n kọ́kọ́ wá èlùbọ́ Ṣakí òun.