Ọkọ̀ ojú omi ni tàbí bàálù, láti Praia sí Fogo?

Mo kí gbogbo yín o. Èmi àti ìyàwó mi, tí a ń gbé ní Yaba, fẹ́ lọ gbafẹ́ ní Cape Verde ní oṣù Kejìlá, kí a ti Praia kọjá sí erékùṣù Fogo láti wo òkè oníná tó bú ní 2014. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé nígbà tí a wọ ọkọ̀ ojú omi láti CMS lọ sí Ìkòròdú, ọ̀sà lásán ni o, ìyàwó mi di apá mi mú, ó ń fín èèpo ọsàn símú kí ó má baà bì, títí a fi gúnlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti rin ọ̀nà náà rí, ṣé ìgbì òkun ibẹ̀ le púpọ̀ lásìkò yẹn, àbí kí a kúkú wọ bàálù?