Iṣẹ́ alájọṣe ní yunifásítì: ẹ sọ ohun tójú yín rí

Ti èmi rèé. Olùkọ́ wa ní kí ẹgbẹ́ tiwa lọ wádìí bí wọ́n ṣe ń ṣe gàrí Ìjẹ̀bú ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ ṣáà mọ irú iṣẹ́ yìí: ẹni méjì á ṣe é, gbogbo ẹgbẹ́ á jọ gba máàkì.

Ọmọkùnrin kan wà láàárín wa tí kì í bá wa tẹ̀wé, tí kì í dá sọ́rọ̀ lórí WhatsApp. Alága wa ti ní òun máa yọ orúkọ ẹ̀.

Àmọ́ kí a tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, olùkọ́ ní kí oníkálukú kọ ìrírí tiẹ̀ lọ́tọ̀, kó tẹ̀ lé ìpele mẹ́fà tí Graham Gibbs, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ kíkọ́, tò sílẹ̀ ní 1988 fún ríronú padà sórí ohun téèyàn ṣe. Kí ló ṣẹlẹ̀? Báwo ló ṣe rí lára ẹ? Kí ló dáa níbẹ̀, kí ni kò dáa? Kí ló fà á? Kí lo rí kọ́? Bó bá tún ṣẹlẹ̀, kí lo máa ṣe?

Nígbà tí a jọ kà á, ọ̀sán kan náà ni gbogbo ìwé ń tọ́ka sí. Nínú ẹbu, èéfín bo ojú, àwọn ìyá tó ń yan gàrí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Yorùbá inú ìròyìn rédíò la fi ń bi wọ́n léèrè! Ọmọkùnrin yìí ló jókòó ti ajọ̀, ó ń bá wọn sẹ́ gàrí, ó ń fi Ìjẹ̀bú dápàárá. Òun ni wọ́n sọ fún pé ọjọ́ tí gbágùúdá fi wà nínú àpò ló ń mú kó kan, pé ẹni tó bá ń kánjú ọjà ló ń dín in kù. Orí kẹrin iṣẹ́ wa, ẹnu ẹ̀ ló ti wá. Títẹ̀wé nìkan la ti ń kà sí iṣẹ́.

Nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, “ẹni tó máa bá ará abúlé sọ̀rọ̀” la kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.

*

Tiwa ní Rẹ́mọ yàtọ̀ o. Wọ́n fi máàkì sórí ìwé ìrírí yẹn, ni gbogbo wa bá di ẹni mímọ́. “Mo kọ́ ìfọwọ́sowọ́pọ̀,” láti òkè délẹ̀. Ìjà owó mọ́tò tí àwọn méjì jà ní gáréèjì Ṣágámù, kò sí nínú ìwé ẹnì kankan. Jọ́tà mi tẹ́nì kan kì í kà ni mo kọ ọ́ sí. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti owó, a kò ní akápò ni. Lọ́jọ́ kejì la yan ọ̀kan.